Bí a ṣe ń fi iye àyànsílẹ̀ sí kíláàsì Python kí iṣẹ́ oníbàárà kan má baà wọ inú ti ẹlòmíràn

Ní Ọ̀yọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá wá fín igbá ni ó máa ń sọ ohun kan náà fún afíngbá. Òmíràn á dárúkọ ara rẹ̀, á ní igbá kan ni òun fẹ́, á sì fi ọnà tí wọn yóò fín sí i sílẹ̀ fún afíngbá. Òmíràn á ní mẹ́wàá ni òun fẹ́, á yan ẹyẹ àti aláǹgbá, á sì san owó díẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ kíláàsì Python tí yóò máa tọ́jú irú iṣẹ́ báyìí, iye àyànsílẹ̀ ni a ó lò, èyíinì ni iye tí fọ́ńkíṣọ̀n yóò mú bí ẹni tí ó pè é kò bá mú òmíràn wá.

```python
class Ise:
    def __init__(self, onibara, iye_igba=1, ona=[]):
        self.onibara = onibara
        self.iye_igba = iye_igba
        self.ona = ona

a = Ise("Iya Bose")
b = Ise("Baba Kunle")
a.ona.append("eye")
print(b.ona)   # ['eye']
```

(Mo kọ àwọn orúkọ láìfi àmì sí wọn. Python 3 gba àmì, ṣùgbọ́n ẹni tí kíbọọ̀dù rẹ̀ kò ní i kò ní lè bá wa dá sí kóòdù náà.)

Baba Kunle kò bèèrè ẹyẹ, síbẹ̀ ẹyẹ ti wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí ni pé Python kì í ṣẹ̀dá iye àyànsílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá pe fọ́ńkíṣọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń ṣẹ̀dá rẹ̀, nígbà tí ó bá dé orí ìlà `def`, ọ̀kan náà ni yóò sì máa lò lẹ́yìn náà. List (àkójọ nǹkan tí a ń kọ sínú `[]`) kan ṣoṣo ni gbogbo ẹni tí kò mú ọnà wá jọ ń pín, bí ìgbà tí afíngbá bá ń kọ ohun tí oníbàárà mẹ́wàá fẹ́ sí ojú ìwé kan láìfa ìlà sáàárín wọn. Nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò kò lè fa wàhálà yìí, nítorí pé wọn kì í yí padà. List, dict àti set, àwọn àkójọ tí a lè yí padà, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo tẹnu mọ́ ọn gan-an nítorí pé Python kò ní sọ pé àṣìṣe kankan wà: ẹni tí ó wá gba igbá ni yóò kọ́kọ́ rí i. Bí a ṣe ń tún un ṣe rèé:

```python
class Ise:
    def __init__(self, onibara, *, iye_igba=1,
                 ona=None, asansile=None):
        self.onibara = onibara
        self.iye_igba = iye_igba
        self.ona = [] if ona is None else list(ona)
        self.asansile = 5000 if asansile is None else asansile

    def fi_ona_kun(self, *ona_tuntun):
        self.ona.extend(ona_tuntun)
```

`None` dúró fún ẹni tí kò sọ nǹkan kan, inú fọ́ńkíṣọ̀n ni a sì ti ń ṣẹ̀dá list tuntun fún un. `list(ona)` ń ṣe ẹ̀dà ohun tí oníbàárà mú wá, kí ó má baà jẹ́ pé bí ó bá yí tirẹ̀ padà, iṣẹ́ tí a ti gbà yóò yí pẹ̀lú. Ẹ má ṣe gé ìlà `asansile` kúrú sí `asansile or 5000`. Bí ìsọ̀ náà bá gbà kí oníbàárà àtijọ́ má san àsansílẹ̀ rárá, tí a sì kọ 0, Python yóò ka 0 sí òfo, yóò sì kọ 5000 sílẹ̀ fún ẹni tí kò san kọ́bọ̀.

Ìràwọ̀ tí ó dá dúró lẹ́yìn `onibara` ń sọ pé gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ wá pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò wo `Ise("Iya Bose", 3, 2000)` tí yóò mọ èyí tí ó jẹ́ iye igbá àti èyí tí ó jẹ́ owó? Python yóò fi TypeError (orúkọ irú àṣìṣe kan) kọ̀ ọ́, a ó sì kọ `iye_igba=3, asansile=2000`. Iṣẹ́ mìíràn ni ìràwọ̀ inú `fi_ona_kun` ń ṣe: ó ń kó iyekíye ọnà tí a bá dárúkọ jọ sínú tuple kan, àkójọ tí kì í yí padà. Bí ẹ bá ń lo dataclass, irú kíláàsì tí Python fúnra rẹ̀ ń kọ `__init__` fún, tí ó wọlé pẹ̀lú Python 3.7 ní ọdún 2018, `field(default_factory=list)` ni kí ẹ kọ; dataclass kì í tilẹ̀ gba `[]`, ValueError ni yóò fi dáhùn.

Ìràwọ̀ méjì ni a ń lò nígbà tí kíláàsì ọmọ (èyí tí a kọ́ lé orí òmíràn) bá fẹ́ fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀:

```python
class IseIgbeyawo(Ise):
    def __init__(self, onibara, *, ojo, **yooku):
        super().__init__(onibara, **yooku)
        self.ojo = ojo
```

Bí ẹnìkan bá ṣi `asansile` kọ sí `asansle`, `Ise` yóò kọ̀ ọ́, nítorí pé kò mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi `**yooku` sí `Ise` fúnra rẹ̀, orúkọ tí a ṣì kọ náà yóò wọlé láìsí ariwo, ìwé yóò sì sọ pé ẹni tí ó san 2000 ti san 5000. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kíláàsì ìyá dárúkọ gbogbo ohun tí ó ń gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí `**yooku` sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.