Oògùn Ti Di Bárakú fún Aláboyún: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ilé Ṣe

Bí oògùn bá ti di bárakú fún aláboyún yín, ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, òun ló sì léwu jù. Bí tramadol tàbí kodéènì bá ti mọ́ ọn lára, tí kò wá rí i lò mọ́ lójijì, ara á máa gbọ̀n, inú á máa run ún, á máa bì, á máa yàgbẹ́; ilé ọmọ lè sún kì, kí oyún bàjẹ́ tàbí kí ọmọ wá láìpé oṣù. Ti ọtí àti oògùn oorun bíi diazepam tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: gìrì tí àìrí i lò lójijì ń fà lè pa ìyá. Ọsibítù la ti ń dín wọn kù, díẹ̀díẹ̀, lójú dókítà. Igbó àti sìgá kò ní irú ewu yìí. Wọ́n ṣeé pa tì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú ìyá ọkọ. Kí ló ń lò, mélòó lójúmọ́, ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn? Ẹ dárúkọ páragà, torí àgbo ni ọ̀pọ̀ kà á sí, wọn ò ní mẹ́nu bà á bí ẹ bá béèrè ọtí. Ẹ mú páálí oògùn lọ sí kílíníìkì: tramadol 50 miligíráàmù àti 225 tí wọ́n ń tà nígboro kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí ẹ bá bú u, á purọ́ iye tó ń lò, iye yẹn gan-an sì ni dókítà fẹ́ fi ṣírò ìtọ́jú.

Kílíníìkì aláboyún lè kọ̀wé fún yín lọ sí ọsibítù ọpọlọ ti Àrò l'Abẹ́òkúta tàbí ti Yábàá l'Ékòó. Fún ẹni tí irú oògùn bíi tramadol ti di bárakú fún, WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, dábàá methadone tàbí buprenorphine, oògùn tí dókítà fi ń rọ́pò rẹ̀, nínú ìlànà rẹ̀ ti 2014. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù wa ló ní in, ẹ tètè béèrè. Ẹ má sọ pé oògùn la fi rọ́pò oògùn: iye kan náà lójoojúmọ́ ni kì í jẹ́ kí ara ìyá máa dà rú, ìyẹn ló ń dáàbò bo ọmọ.

Kí agbẹ̀bí gbọ́ nípa oògùn tó ń lò ṣáájú ìrọbí. Bí ìkókó kò bá mí dáadáa, kí wọ́n fi bágì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kí wọ́n má fún un ní naloxone, oògùn tó ń pa agbára irú tramadol: ó lè fa gìrì fún ọmọ tí oògùn ti mọ́ lára.

Ẹ má gbé ọmọ kúrò ní ọsibítù kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ni àmì sábà máa ń yọ: igbe tó ń han gooro, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, sísín léraléra, àìlèmu ọmú, ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn ìyá àgbà á ní inú ló ń run ọmọ, wọ́n á nawọ́ sí àgbo. Ẹ má fún un. Ẹ dín iná àti ariwo kù, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ láìwọṣọ, ẹ máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀: ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kì í sábà nílò oògùn púpọ̀.

Ìyá tó wà lórí methadone tàbí buprenorphine lè fún ọmọ lọ́mú. Èyí tó ṣì ń lo tramadol tàbí kodéènì, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ ná, torí ó lè gba inú wàrà dé ara ọmọ, kí ọmọ sùn àsùnjù, kí mímí rẹ̀ sì dínkù.

Lẹ́yìn ìkómọjáde, èrò á tú ká, àìsùn àti ìrònú á kù sí i lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń padà sídìí rẹ̀. Ara tó ti sinmi kò gba iye àtijọ́ mọ́: ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè dá èémí rẹ̀ dúró. Kí ẹnì kan máa gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru kí ó lè sùn. Lálẹ́ tó bá mutí tàbí lo oògùn, kí ọmọ má sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ tí dókítà dá, kódà bó bá ti padà lò ó. Ẹ má sì fi ọmọ halẹ̀ mọ́ ọn: ẹ̀rù kí wọ́n má gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyá sá fún kílíníìkì.