Bí Mo Ṣe Ń Ṣẹ̀dá Orin Tuntun fún Ẹgbẹ́ Akọrin

Bí ẹ bá fẹ́ ṣẹ̀dá orin Yorùbá tí ẹgbẹ́ akọrin yóò kọ ní gbọ̀ngàn, ẹ má tíì jókòó sídìí dùùrù. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Èmi a máa kà á sókè bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ní ìdáná, lójú ọ̀nà, fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kí n tó fi pẹ́ńsùlù kọ dò, re tàbí mí sórí sílébù kọ̀ọ̀kan.

“Ìlú wa” jẹ́ dò-mí-re. Orin gbọ́dọ̀ gòkè láti “ì” sí “lú”, kó sì rọ̀ díẹ̀ ní “wa”. Ẹ lè gbé e gòkè díẹ̀, ẹ lè mú un fò. Ibẹ̀ ni òmìnira yín wà.

Ohùn mẹ́rin tí ẹgbẹ́ akọrin ń pín orin sí, láti sopráno tó ga jù dé báàsì tó rẹlẹ̀ jù, ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà kan mo fi “ìlú wa” ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orin kan. Ti sopráno dùn, ṣùgbọ́n mo ní kí báàsì dúró sórí nótì kan ṣoṣo kó lè gbé àwọn yòókù ró. Lọ́jọ́ ìdánrawò, màmá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn bi wá pé, “Ìlù wo lẹ ń sọ?” Báàsì ti sọ ìlú di ìlù! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Marina l’Ékòó, ti jà fún un ṣáájú wa pé kí orin bá ohùn èdè mu.

Láti ọjọ́ náà, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe kókó, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mi jọ ń gòkè ni, wọ́n sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Bí báàsì bá gbọ́dọ̀ dúró, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Kí wọ́n máa kùn ún.

Ẹni tó ń lu ìyáàlù fún wa kì í ka nótì. Gbólóhùn ni mò ń kọ fún un, òun á sì mú ìlù sọ ọ́. Nígbà yẹn, kí dùùrù dákẹ́, nítorí awọ kì í dúró sójú ohùn tí wọ́n tún dùùrù sí.

Kí n tó tẹ ẹ̀dà sol-fa, ìyẹn orin tí a fi dò, re, mí kọ sílẹ̀, fún gbogbo ẹgbẹ́, akọrin mẹ́rin á kọ́kọ́ kọ ọ́. Màá wá ẹnì kan tí kò rí ọ̀rọ̀ orin náà rí jókòó sẹ́yìn, màá sì ní kó sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Ìlà tó bá gbọ́ sódì, mo ń gbé e padà sílé.