Bí A Ṣe Ń Rin Ìrìn Àyíká Èsìẹ́ Láàárọ̀ Kan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lọ wo ère òkúta ní Èsìẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ni kò rí Èsìẹ́ fúnra rẹ̀: wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Ìrìn tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó gba ọ̀nà oko yípo, ó sì parí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kìlómítà 5 ti tó fún un.

Láti Ìlọrin, ẹ wọ mọ́tò tó ń gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òrò, kí ẹ wá ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, nítorí pé koríko ti gbẹ, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ sì hàn kedere.

Kí ẹ tó wọ ọ̀nà oko, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú tàbí àwọn ọdẹ bóyá kò séwu lọ́nà náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá gbà, ẹ bẹ ọdẹ kan lọ́wẹ̀ kí ó ṣáájú yín, kí ẹ sì ti dúnàádúrà owó rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ẹ gbéra ní agogo 7 àárọ̀. Ọgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sọnù ni pé kí ìlú wà lọ́wọ́ òsì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: níbikíbi tí ọ̀nà bá ti pín, ẹ yà sí ọwọ́ òsì díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì yí ìlú ká. Bí ẹ bá dé ibi tí ebè iṣu wà, ààlà oko ni kí ẹ tọ̀, ẹ má gun ebè olóko, ẹ kí ẹni tí ẹ bá bá níbẹ̀ pé "Ẹ kú oko o." Ẹ tún wo igi ẹmí, igi tí a ń rí òrí láti inú èso rẹ̀, dáadáa: èèpo rẹ̀ là yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

Mo fi ère sí ìkẹyìn nítorí oòrùn. Ní 1933 ni alábòójútó ilé ìwé ìjọ CMS (Church Missionary Society) kan, H. G. Ramsay, kọ ìròyìn nípa wọn, wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1945. Àwọn ère náà ju 1,000 lọ, òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Ẹ má kánjú níbẹ̀: òmíràn jókòó lórí àpótí, òmíràn di idà mú, ilà wà lójú àwọn mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fọ́ tí orí wà lọ́tọ̀. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ẹ kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó yẹ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín ní Òrò níbi tí ẹ ti ń dúró de mọ́tò.