Àdìrẹ mi, owó mi, nọ́ńbà ẹlòmíràn

Owó tí mo san kí péèjì òwò mi lórí Instagram àti Facebook tó padà sọ́wọ́ mi ju owó tí mo fi ṣí i lọ. Àdìrẹ wa ló kún inú rẹ̀. Owó mi ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Ọwọ́ èmi àti ìyá mi ló hàn nínú gbogbo fídíò ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọlé fúnra mi, orí fóònù ẹlòmíràn ni kóòdù tí wọ́n fi ń wọlé lọ, ẹni náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà pẹ̀lú mi. Mo ń kọ ọ́ torí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Ìbàdàn níbí ló wà nínú irú ipò yẹn tí wọn ò tíì mọ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ ìdílé wa. Yemẹtu la ti ń ṣe é, Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀ la ti ń tà á. Bátánì Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n máa ń ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí nínú, la fi mọ ìyá ìyá mi. Lóde òní, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ, ti gba ọjà kan. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti wa. Ẹni tí kò bá rí bí a ṣe ń ṣe tiwa, tó bá gbọ́ iye tí a pè é, á kàn kọjá lọ ni. Ohun tó mú mi ní kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, kí ojú rí iṣẹ́ tó wà nídìí owó.

Ìyá aláṣọ tí ìsọ̀ wọn kángun sí tèmi ló mú ọmọ àbúrò wọn wá. Wọ́n ní iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, pé ó ń bá àwọn oníbúrẹ́dì àtàwọn télọ̀ tọ́jú péèjì. Ọmọ náà mọṣẹ́. N ò ní torí pé inú ń bí mi kí n sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ nọ́ńbà mi àti ímeèlì mi sórí bébà fún un, mo ní àwọn ni kó fi ṣí Instagram àti Facebook. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Àǹtí." Mo san ₦35,000. Nọ́ńbà tiẹ̀ àti ímeèlì tiẹ̀ ló lò, kò sì fi ẹnu sọ ọ́ títí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣí péèjì kò le, ọmọdé inú ilé yín á bá yín ṣe é. Ohun tí ẹ máa gbé síbẹ̀ ló ṣòro. Fọ́tò aṣọ tí a ká sílẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gbé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dá wa lóhùn. Ohun tó yí i padà ni fídíò kan báyìí. Mo jókòó nídìí tábìlì, aṣọ funfun wà níwájú mi, igbá ẹ̀kọ láfún wà lápá ọ̀tún. Mo ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ, mo fà á lára etí igbá kó má baà kán, mo wá fa òpó Mápó kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì gbé ọwọ́. Mo tún fa èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ò fi orin kankan sí i. Ohùn ìyá mi nìkan lẹ ń gbọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé, "Má jẹ́ kó ki jù, á sán kó tó dénú aró." Ìgbà tó parí, a fi aṣọ náà hàn bó ṣe jáde nínú ìkòkò aró, ewéko ni àwọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ jọ, afẹ́fẹ́ wá fẹ́ sí i, ó di aró gidi lójú gbogbo ayé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù ò sinmi lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ Yorùbá láti Lọ́ndọ̀nù ń béèrè iye rẹ̀, ìyàwó kan ní Bódìjà ní òun fẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ òun. Ẹni tó ti rí fídíò yẹn kì í ní a gbówó lórí mọ́, iye ọjọ́ tó máa gbà ló ń béèrè. Iṣẹ́ ìyá mi lọ kọjá Gbági, inú mi sì dùn gidigidi.

A bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó polówó. Níbẹ̀ náà, owó tó ń jáde nínú báǹkì máa ń ju èyí tí mo fọwọ́ sí lọ, nígbà tí mo wádìí ni mo rí i pé VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú 100 wà lórí rẹ̀. Ẹ máa ṣírò ìyẹn mọ́ ọn. Mo tún rí i pé gbogbo Nàìjíríà ló tú ìpolówó náà sí, láti Sókótó dé Kàlàbá, bẹ́ẹ̀ wọ́n fún wa láyè láti yan ìlú àti ọjọ́ orí. Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá ni mo ní kó fi sí, owó tí à ń ná dínkù, àwọn tó ń rà pọ̀ sí i.

Wàhálà dé nígbà tí ọmọ náà ríṣẹ́ ní Èkó. Mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi, ìyẹn ohun tí mo máa fi wọ péèjì, ó ní kí n mú ₦80,000 wá, pé òun ló kọ́ péèjì náà dé ibi tó dé. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré ni. Látìgbà tó ti ṣí Facebook, mo máa ń fèsì mẹ́séèjì oníbàárà níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé àṣẹ ìfèsì nìkan ló fún mi. Lórí péèjì Facebook, ẹni tó ní àṣẹ kíkún ló lè fi èèyàn sí i, òun náà ló lè yọ èèyàn kúrò. Òun nìkan ló ní in. Bí mo ṣe ń bá a jiyàn, ó yọ mí kúrò lójú ẹsẹ̀, mi ò rí mẹ́séèjì àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ mọ́.

Mo gbìyànjú Instagram. Ọ̀nà wà fún ẹni tí kò lè wọlé mọ́. Tí àwòrán ojú rẹ bá wà lórí péèjì, wọ́n á ní kí o ya fídíò ojú ara rẹ, kí o máa yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí wọ́n lè fi wé èyí tó wà níbẹ̀. Tí ojú rẹ ò bá sí níbẹ̀, ímeèlì tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣí i ni wọ́n á béèrè, pẹ̀lú irú fóònù tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà. Aṣọ ló kún péèjì wa. Ọwọ́ wa ló hàn, ojú wa ò hàn níbi kankan. Nọ́ńbà, ímeèlì, fóònù, tiẹ̀ ni gbogbo wọn. Gbogbo Yemẹtu mọ̀ pé èmi ni mo ni àdìrẹ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè fi hàn wọ́n. Nǹkan yẹn dùn mí wọra. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Àwọn kan ní kí n gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, àwọn kan ní kí n wá àwọn tó máa ń já páásìwọọ̀dù. Mi ò ṣe èyíkéyìí. Ìyá aláṣọ ni mo bá, torí àwọn ló mú un wá. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá ọmọ náà ní Òkè-Àdó. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo kó rìsíìtì ìpolówó sílẹ̀, mo fi bébà tí mo kọ nọ́ńbà mi sí hàn wọ́n. Bàbá wò ó títí, wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, mo gbọ́. Àmọ́ ọmọ náà ti ṣiṣẹ́ kọjá èyí tí ẹ san. Ẹ fi nǹkan lé e kí ọ̀rọ̀ tán." Mi ò gbà pé ó tọ́, mi ò sì tíì gbà dòní. Ṣùgbọ́n oṣù kejìlá ti ń sún mọ́lé, àwọn tó fẹ́ ra aṣọ ọdún ń kọ̀wé síbi tí mi ò ti lè rí i. A jọ fẹnu kò sí ₦50,000, mo ní owó ò ní kúrò lọ́wọ́ mi títí a ó fi parí ẹ̀, kí ó sì jókòó tì mí ṣe é.

Ibi tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ gba péèjì rẹ̀ padà rèé. Ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ sí tiyín, kí kóòdù rẹ̀ sì wọlé sórí fóònù yín kí ẹ tó ṣe òmíràn. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà, lẹ́yìn rẹ̀ páásìwọọ̀dù. Ẹ wá lé gbogbo fóònù yòókù jáde nínú rẹ̀, kí ẹ tan ìdáàbòbò onípele méjì, kó jẹ́ pé tí ẹnikẹ́ni bá mọ páásìwọọ̀dù, kóòdù á ṣì kọ́kọ́ wá bá yín. Lórí Facebook, kó fún yín ní àṣẹ kíkún, ẹ gbà á, ẹ wọlé, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yọ ọ́ kúrò. Káàdì ATM mi ṣì wà nínú àkáǹtì ìpolówó rẹ̀. Ó yọ ọ́ lójú mi, síbẹ̀ mo ní kí báǹkì dí káàdì náà pa.

Ní báyìí, n kì í gbára lé ibì kan ṣoṣo. Ẹ rántí pé ìjọba àpapọ̀ dí Twitter pa ní oṣù kẹfà ọdún 2021, oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Mo ní ìwé ńlá kan ní ìsọ̀ tí mo ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà sí. WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni, òun ni mo fi ń to aṣọ àti iye rẹ̀ sílẹ̀ kí n má máa dáhùn ìbéèrè kan náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Status kì í kọjá wákàtí 24, ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà rẹ kì í sì í rí i, nítorí náà mo máa ń ní kí oníbàárà tọ́jú nọ́ńbà wa kó tó kúrò ní ìsọ̀. Mo sì ti fi ojú èmi àti ìyá mi síta lórí péèjì, gbangba gbàngbà.

Àbúrò mi tó ń wáṣẹ́ náà, mo bá a wí lórí LinkedIn rẹ̀, ìkànnì tí àwọn èèyàn fi ń wáṣẹ́. Ímeèlì ibi iṣẹ́ tó wà ló fi ṣí i. Lọ́jọ́ tó bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, wọ́n á ti ímeèlì náà pa, gbogbo ìjẹ́rìí tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ á sì ṣòro fún un láti dé. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀ sí tara rẹ̀.

Ohun kan ló kù láàárín èmi àti ọmọ yẹn. Fídíò òpó Mápó wa ṣì wà lórí péèjì tiẹ̀, ó fi ń wáṣẹ́ ní Èkó. Mo ní kó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wa sábẹ́ rẹ̀ tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Ó ní òun á ṣe é. Kò tíì ṣe é, mo sì máa padà lọ bá bàbá rẹ̀.