Bí Mo Ṣe Forúkọ Oko Àlìkámà Sílẹ̀ fún Owó Ìrànwọ́ Ìjọba ní Kansas

Èmi ni mò ń ṣe ìṣirò owó fún ìdílé kan tó ń dáko àlìkámà ní ìwọ̀-oòrùn Kansas, ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, wọ́n ní kí n bá wọn forúkọ oko sílẹ̀ fún owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san nígbà tí iye owó irè oko bá já wálẹ̀, kí gbèdéke tó pé ní àárín oṣù Kẹta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹni tó bá gbin àlìkámà lọ́dún náà ni wọ́n ń san owó yìí fún, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ́fíìsì Farm Service Agency, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ àwọn àgbẹ̀, tó wà ní káúntì (àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀) wa ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo béèrè fún àkọsílẹ̀ base acres, èyí tí í ṣe iye éékà tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn wá fún irè kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ náà. Orí àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń ṣírò owó. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ àlìkámà lè gbin ọkà bàbà, kí owó àlìkámà sì tún tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tó ń fipá mú un gbin ohun tí ọjà kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ọ̀dọ́ àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan kì í rí nǹkan kan gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà kan náà ló ń tà sí. Mo fara balẹ̀ fi àkọsílẹ̀ pápá kọ̀ọ̀kan wé ìwé ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìdílé náà, ibẹ̀ ni mo sì ti pẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà ni a yan ọ̀kan nínú ètò méjì. PLC (Price Loss Coverage) ń sanwó nígbà tí iye owó ọjà bá kéré sí iye tí òfin là sílẹ̀. Ní àkókò náà, ARC (Agriculture Risk Coverage) ti káúntì máa ń sanwó nígbà tí owó tó ń wọlé lórí éékà kan ní káúntì náà bá kéré sí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ti máa ń jẹ́. Dọ́là 5.50 ni òfin àgbẹ̀ ọdún 2018 là sílẹ̀ fún búṣẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ta ọkà) àlìkámà kan, ọjà sì ti ń wà nísàlẹ̀ iye yìí fún ọdún mélòó kan. PLC ni a mú, fún irè 2019 àti 2020.

Ìyá àgbà tó ni apá kan ilẹ̀ náà ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta irè oko, nítorí náà àwọn náà ní láti fọwọ́ sí ìwé, ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìjọba sì jẹ́ tiwọn. Ká ní owó ni wọ́n ń gbà fún ilẹ̀ wọn ni, àgbẹ̀ nìkan ni ìjọba ì bá san án fún. Olúkúlùkù tún fọwọ́ sí ìwé pé owó tó ń wọlé fún òun kò ju dọ́là 900,000 lọ́dún lọ, àti pé òun kò ní ba ilẹ̀ àbàtà jẹ́.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni owó irè 2019 tó dé, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kí ọdún ọjà àlìkámà parí ní ìparí oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó mọ iye owó tí wọ́n ń ta búṣẹ́ẹ̀lì kan káàkiri orílẹ̀-èdè. Dọ́là 4.58 ló jẹ́, ó sì ku sẹ́ǹtì 92 kí ó tó pé 5.50. Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àkọsílẹ̀ éékà ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Bí àkọsílẹ̀ bá jẹ́ 100 éékà, tí ìkórè tí ìjọba kọ sínú ìwé fún oko náà sì jẹ́ búṣẹ́ẹ̀lì 40 lórí éékà kọ̀ọ̀kan, dọ́là 3,128 ni yóò jẹ́, kí ìjọba tó yọ ìdá díẹ̀ tí òfin ìnáwó ní kí wọ́n yọ. Mo ṣe irú ìṣirò yìí fún pápá kọ̀ọ̀kan, mo sì pín in sí ti àgbẹ̀ àti ti ìyá náà kí n tó fi í wé ohun tó wọ àpò ìfowópamọ́ wọn.