Ẹ Kọ́kọ́ Bi Àdúgbò Kí Ẹ Tó Ṣoore

Omi inú ọ̀rá ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, èèyàn 17 ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ní kí n ṣe àdúgbò lóore, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa ni mo kùn lọ́dà, mo sì kọ orúkọ ilé iṣẹ́ mi gàdàgbà sára ògiri. Ìyá alákàrà iwájú ọgbà wa wò ó, ó ní, "Ẹ ṣeun o, Mọ̀mí. Kànga wa tó gbẹ látìgbà tẹ́ ẹ ti gbẹ́ tiyín ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò.

Torí náà, ohun tí iṣẹ́ yín ń gbà lọ́wọ́ àdúgbò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Èmi ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ wọn, jẹnẹrétọ̀ mi ò jẹ́ kí wọ́n sùn, ọ̀rá mi ń dí gọ́tà. Tó bá jẹ́ búrẹ́dì lẹ̀ ń ṣe, ó lè jẹ́ èéfín. Ẹ wá lọ sípàdé àwọn onílé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má ṣèlérí lọ́jọ́ náà o. Mo ṣèlérí tiránsífọ́mà rí, ojú mi rí màbo.

Kówó tó jáde, ẹ yanjú tàwọn òṣìṣẹ́ yín. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa fi ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 owó oṣù wọn pamọ́ fún wọn, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 tiẹ̀ kún un. Ẹni tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta tó ń pín ìrẹsì kiri, ta ló ń tàn?

Èmi fa páìpù gba abẹ́ ògiri, mo ṣe ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin síta, mo da kọnkéré sábẹ́ rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà pọ̀. Omi tá a ti sẹ́ ló ń gbabẹ̀ jáde, aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ má gbé e sínú ọgbà: ẹni tó gbọ́dọ̀ bẹ mẹ́gádì kó tó pọnmi, alágbe lẹ sọ ọ́ dà. Ẹ má sì ya fọ́tò wọn pẹ̀lú garawa lórí. Owó epo rẹ̀, inú ìwé ìṣirò ni kó wà bí owó ọ̀rá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oṣù tí ọjà ò bá yá lẹ máa tì í pa.

Èrè ńkọ́? Lójò tó kọjá, ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ tòun ti 400 àpò omi. Kí n tó débẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ti já ẹrù, wọ́n ti tì í jáde. Àpò kan ò dín. Ìyá alákàrà sì ti di alábòójútó láìgbowó. Lánàá ló ní ẹnu ẹ̀rọ kẹta ti ń jò.