Ìjókòó ọwọ́ òsì: bí mo ṣe fi ọkọ̀ gbé ọ̀dọ́langba mẹ́ta la orílẹ̀-èdè mẹ́fà já

Ọkọ̀ tí à ń wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Bí ẹ bá gbé e dé ibodè ojú ọ̀nà márosẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ọwọ́ òsì ni ẹ̀rọ tó ń gbowó máa wà. Ẹ ò lè nawọ́ kàn án. Ẹni tó bá jókòó síwájú pẹ̀lú yín ló máa já tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ló máa sanwó. Nínú ọkọ̀ tèmi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ yìí: ọ̀dọ́langba tí ẹ bá gbé lọ ìrìn àjò bí ẹrù, bí ẹrù náà ló máa ṣe, á wúwo sí yín lọ́rùn. Ẹ fún un níṣẹ́ gidi, irú iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí kò bá ṣe é, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan.

Kent ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọkùnrin ọmọ ọdún 16 àti obìnrin ọmọ ọdún 13, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 15, tó ti Ìbàdàn wá kàwé lọ́dọ̀ wa. Bàbá wọn ò rí ààyè gbà níbi iṣẹ́, torí náà èmi nìkan ni dẹ́rẹ́bà. Òru mẹ́jọ la lò.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó sórí tábìlì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó wo hòtẹ́ẹ̀lì kankan, ẹ kó gbogbo páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀, kí ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ ó wọ Yúróòpù, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ oṣù mẹ́ta kù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ó jáde. Ti ọmọdé, ọdún márùn-ún péré ló ń lò. Tọmọbìnrin mi ti fẹ́ẹ̀ kú, èmi tí mo bí i ò sì mọ̀.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni, físà Schengen, físà kan ṣoṣo tó ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, di dandan. Àwọn èèyàn máa ń rò pé orílẹ̀-èdè tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ̀ ni ẹ ó ti gba físà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí ẹ ó ti sun òru tó pọ̀ jù ni ẹ ó lọ bá; àfi tí òru bá dọ́gba ni ẹ ó tó lọ sọ́dọ̀ èyí tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Nítorí náà, ẹ ka òru yín kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Tiwa rèé: Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Luxembourg méjì, Faransé mẹ́rin. Faransé la lọ bá. Láti ọmọ ọdún 12 ni wọ́n ti ń gba owó àgbà, yúrò 90, wọ́n á sì tẹ ìka rẹ̀. Íńṣọ́ránsì ìrìn àjò tó lè san tó yúrò 30,000 gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n gbà kí ẹ kọ̀wé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ má dúró de oṣù kan, nítorí ọjọ́ ìpàdé ló máa ń wọ́n, kì í ṣe físà fúnra rẹ̀.

Mo gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọkọ mi náà, nítorí ìyá tó ń dá kó ọmọ mẹ́ta kọjá bodè, wọ́n lè bi í ní ìbéèrè. Wọn ò bi mí, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tiwa, òǹtẹ̀ ni wọ́n ń lù sínú ìwé. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò, tí wọ́n sì ń gba ìka ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù, láti ọmọ ọdún 12 sókè. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìlà tó gùn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ọ̀nà náà fúnra wọn

Lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìjẹun. Mo ní kí kálukú mú ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ rí. Èmi ò ní mú nǹkan kan, iṣẹ́ tèmi ni kí n so wọ́n pọ̀. Àbíkẹ́yìn mú Bruges, ìlú kan ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun fẹ́ rí ojú ọ̀nà Jámánì tí kò ní ìwọ̀n eré, pẹ̀lú Rheinfall, omi tó ń já ṣòòròṣò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Schaffhausen ní Switzerland. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ronú títí, ó wá béèrè pé, "Àǹtí, Schengen tó wà nínú físà mi yìí, ṣé ibì kan ni àbí orúkọ lásán?" A wá a. Abúlé ni, létí odò Moselle, ní Luxembourg, níbi tí ilẹ̀ náà ti pàdé Faransé àti Jámánì. Ó ní ibẹ̀ lòun fẹ́.

Bí ọ̀nà wa ṣe rí nìyẹn: Calais ní Faransé, Bruges, Vaals ní Netherlands, Schengen, Strasbourg àti Reims ní Faransé, ó di Calais padà. Òfin tí mo ṣe ni pé a ò ní lò ju wákàtí mẹ́ta lọ nínú ọkọ̀ lóòjọ́, a ò sì ní sun òru kan níbi tí a bá lè sun méjì. Bí ẹ bá ń kó ẹrù wọlé kó jáde lójoojúmọ́, lọ́jọ́ kẹta ọmọ ò ní dá yín lóhùn mọ́. Ilé àdágbé tó ní ilé ìdáná ni kí ẹ wá, ẹ má wá yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, nítorí ọmọ ọdún 15 ti di àgbà lójú ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, yàrá méjì ni wọ́n máa tà fún yín.

Bruges, kì í ṣe Brussels, ni mo ní ká sùn, ó sì nídìí. Brussels, Antwerp àti Ghent ní agbègbè tí wọ́n ti ń ṣọ́ èéfín ọkọ̀. Ọkọ̀ ìlú òkèèrè gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó wọbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé owó ìtanràn á bá yín délé. Àwọn ìlú kan ní Faransé àti Jámánì náà ń béèrè àlẹ̀mọ́ lójú gíláàsì. Ẹ wo ti ìlú kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbéra.

Inú ọkọ̀

Àwọn ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé: àlẹ̀mọ́ UK lẹ́yìn ọkọ̀ (GB ti kógbá sílé láti ọdún 2021), onígun mẹ́ta pupa tí a mọ̀ sí sí-kọ́ṣọ̀n nílé, àlẹ̀mọ́ fún iná iwájú kó má baà fọ́ àwọn tó ń bọ̀ lójú, ìwé ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀, àti jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán yinrin. Ẹ ra ti gbogbo èèyàn inú ọkọ̀, ẹ má sì kó o sínú búùtù. Abẹ́ ìjókòó ni kó wà, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ ti wọ̀ ọ́ kí ẹ tó bọ́ọ́lẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun láti Folkestone ń lo ìṣẹ́jú 35. Ọkọ̀ ojú omi láti Dover ń lò tó wákàtí kan àti ààbọ̀, àmọ́ ọmọ á lè na ẹsẹ̀. Èmi gba abẹ́ òkun, mo sì jẹ̀bi ohun kan níbẹ̀. Yúróòpù kò gba ẹran àti wàrà wọlé láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ bá tiẹ̀ sè é, tí ẹ dín in. Mo ti dín odindi tọ́kí sínú kúlà kí n tó rántí. Aago mẹ́fà àárọ̀, àwa mẹ́rin ń jẹ tọ́kí nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ní Folkestone, ata ń ta wá lẹ́nu, ẹnì kankan ò sì tíì fọ ẹnu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ká ju ìyókù nù. Mo ní ta ni yóò ju tọ́kí nù? A jẹ ẹ́ tán. Ìrẹsì, gàrí àti ata gígún ni kí ẹ kó lọ, ẹ ra ẹran níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti já sí Calais, ọ̀tún ni ẹ ó máa tọ̀. Mo kọ Ọ̀TÚN sórí bébà gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú sítíárì. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ kò le. Ráńdábáòtù àkọ́kọ́, àti àárọ̀ kùtù tí ẹ bá jáde láti ilé epo tí kò sí ọkọ̀ mìíràn lójú títì, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tó jókòó sọ́wọ́ òsì gbọ́dọ̀ pariwo "ọ̀tún, Mọ́mì!" ní gbogbo oríta, kódà bó bá sú u. Ohun kejì: ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù, oríta tí kò ní àmì, ọkọ̀ tó ti ọwọ́ ọ̀tún yín bọ̀ ló ni ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀rọ̀ ló ti yọ.

Bẹ́ljíọ̀mù, Luxembourg àti Jámánì kì í gbowó ọ̀nà lọ́wọ́ ọkọ̀ kékeré. Faransé ni oníbodè. Ní ọ̀nà Metz sí Strasbourg la ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Mo dúró jìnnà sí ẹ̀rọ náà jù. Ọmọbìnrin mi tú bẹ́líìtì, ó yọ jáde lójú wíńdò dé ìbàdí, ọkọ̀ ẹ̀yìn wa ń fọn fèrè. Ó já tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó pa ẹkùn. Nígbà tó yá tí a dé ibi ìsanwó, a wá tíkẹ́ẹ̀tì tì. Inú bàtà rẹ̀ ló fi í sí. Bí ẹ bá sọ ọ́ nù, owó ọ̀nà tó gùn jù ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín, nítorí náà, ẹ yan ibì kan fún un. Ẹ sún mọ́ ẹ̀rọ náà débi tí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á fẹ́ẹ̀ kàn án. Ẹ má sì wọ ìlà tó ní lẹ́tà t aláwọ̀ ọsàn nìkan, àwọn tó ní ẹ̀rọ ìsanwó nínú ọkọ̀ ló wà fún.

Owó oúnjẹ

Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ló ń gba yúrò 60 láti bọ́ àwa mẹ́rin. Èyí tó bá ṣẹ́kù, tirẹ̀ ni. Ẹ má ṣe é bí mo ṣe ṣe é. Ọmọkùnrin mi ra búrẹ́dì gígùn méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti omi, yúrò 31 sì wà lápò rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ebi ń pa wá bí ẹni gbààwẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, òfin yí padà: oúnjẹ gbígbóná kan di dandan, ṣẹ́njì sì di àpínká.

Ọjọ́ tó dára jù àti ọjọ́ tó burú jù

Ní Vaals, orí òkè kan wà tí Netherlands, Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì ti pàdé lójú òkúta kan ṣoṣo. Mítà 322 péré ni gíga rẹ̀. Láàárín wákàtí kan ẹ ti ṣe é tán.

Ní Schengen, wákàtí mẹ́ta la fi rìn kiri. Ẹ rí ilé díẹ̀, oko èso àjàrà lórí òkè, odò tó dákẹ́. Lórí ọkọ̀ ojú omi kan nínú odò yẹn ni orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti mú àyẹ̀wò bodè àárín wọn kúrò, ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 1985. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ síbi tí wọ́n lẹ físà náà mọ́, ó gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé orúkọ abúlé náà, ó ní kí n ya òun. Mo yà á. Ó ní kí n tún un yà, ìka òun bo lẹ́tà S. Ìlú náà tún dára fún epo, ó máa ń dín owó sí ti Faransé, ẹ rọ ọ́ kún.

Ọjọ́ tó burú ni ọjọ́ Rheinfall, ẹ̀bi mi sì ni: mo rú òfin wákàtí mẹ́ta. Láti Strasbourg lọ síbẹ̀ kí a sì padà, wákàtí mẹ́fà ni. Ọjọ́ Sunday tún ni, ṣọ́ọ̀bù gbogbo ń tì ní Jámánì lọ́jọ́ náà, ilé epo nìkan la ti rí búrẹ́dì, ó sì wọ́n. Ọmọkùnrin mi ló gbà wá lọ́wọ́ owó kan: Switzerland ń gba fránkì 40 fún ojú ọ̀nà márosẹ̀ rẹ̀, owó ọdún kan gbáko, bó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ fẹ́ lò ó. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀nà kéékèèké kò gbowó, ó sì mú wa gba inú igbó Jámánì yọ sí i. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Jámánì, mò ń sá 110 ní tèmi, ọkọ̀ kan kọjá fìì, ó ti di kíún níwájú. Inú ọmọ dùn jù ti omi lọ.

Omi náà fẹ̀ tó mítà 150, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ó ya fídíò rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Switzerland wà nínú Schengen, ẹ ò ní rí oníbodè tó pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sí nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ètò fóònù ìlú Gẹ̀ẹ́sì ò sì kà á mọ́ Yúróòpù. Fídíò ìṣẹ́jú kan náà ná mi ju pọ́n-ùn 40 lọ. Ẹ pa dátà gbogbo fóònù kí ẹ tó sún mọ́ bodè yẹn, kí ẹ ti gba máàpù sílẹ̀ láti ilé.

Nígbà tí a ń padà, Reims ni a ti sùn gbẹ̀yìn. Ọmọbìnrin mi fi ṣẹ́njì ra wàràkàṣì ńlá fún bàbá rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ìjọba ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ti fòfin de kí arìnrìn àjò máa kó wàrà àti ẹran màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ wọlé láti Yúróòpù, nítorí àrùn ẹran ọ̀sìn. Èmi ni mo tún gbàgbé. Ní Calais, nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí, a yọ búrẹ́dì jáde. Ẹni tó jókòó sọ́wọ́ òsì ló ń gé wàràkàṣì.